Ọkọ̀ Tó Ti Gbó: Bí A Ṣe Ń Tà Á àti Bí A Ṣe Ń Fi Í Tọrẹ

Ọkọ̀ gbó nígbà tí owó tó ń jẹ bá ti ju iṣẹ́ tó ń ṣe lọ. Ọjọ́ orí nìkan kọ́ ló ń sọ ọ́ di aláìwúlò. Peugeot 504 tó ti ju ọgbọ̀n ọdún lọ ṣì lè máa kó iṣu àti kòkó láti oko wọ Adó-Èkìtì, kí tọ́kunbọ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé láìpẹ́ sì ti dúró sẹ́yìn ilé nítorí pé ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti nọ́ọ̀kì. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Olówó ọkọ̀ tó gbó lè tà á lódindi, ó lè tú u tà ní ẹyọ-ẹyọ, ó lè tà á fún onírin, ó sì lè fi í tọrẹ. Ọ̀nà karùn-ún wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbà láìrò ó, ìyẹn ni kí wọ́n pa á tì sẹ́yìnkùlé títí igbó yóò fi bò ó. Òun ló burú jù nínú gbogbo wọn.

Bí ọkọ̀ ogbó ṣe pọ̀ ní Èkìtì

Èkìtì jẹ́ ilẹ̀ olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ ìjọba, owó oṣù ni ọ̀pọ̀ ìdílé sì fi ra ọkọ̀ àkọ́kọ́ wọn. Ní ọdún 1975, ilé-iṣẹ́ Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ pọ̀ ní Ọ̀jọ́ l'Ékòó, Peugeot sì bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní Kàdúná. Àsìkò yẹn náà ni àfikún owó oṣù tí ìgbìmọ̀ Udoji dábàá tẹ òṣìṣẹ́ lọ́wọ́. Ìjàpá, ìyẹn Volkswagen kékeré, àti Peugeot wá di ọkọ̀ ọ̀gá ilé-ìwé, nọ́ọ̀sì àti akọ̀wé ìjọba ní Adó, Ìkẹ́rẹ́, Ìyìn àti Ìfàkì. Àwọn kan nínú ọkọ̀ wọ̀nyẹn ṣì wà lábẹ́ igi máńgòrò nínú ọgbà àwọn òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì títí di òní.

Nígbà tí ìjọba ológun gbé ètò ọrọ̀ ajé tí a mọ̀ sí SAP kalẹ̀ ní ọdún 1986, náírà já wálẹ̀, ọkọ̀ tuntun sì kọjá agbára ẹni tó ń gba owó oṣù. Bí tọ́kunbọ̀ ṣe gbilẹ̀ nìyẹn: ọkọ̀ tí wọ́n ti lò ní Jámánì, Bẹ́ljíọ̀mù tàbí Amẹ́ríkà, tó gba èbúté Kùtọnu tàbí ti Èkó wọlé. UNEP, ẹ̀ka Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń mójú tó àyíká, ṣírò pé láàárín ọdún 2015 sí 2018, mílíọ̀nù 14 ọkọ̀ àlòkù ni ilẹ̀ Yúróòpù, Japan àti Amẹ́ríkà kó ránṣẹ́ sí àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn, àti pé nǹkan bí ogójì nínú ọgọ́rùn-ún wọn ló wá sí Áfíríkà. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ti lo púpọ̀ nínú ọjọ́ ayé rẹ̀ kó tó kan Èkìtì. Lẹ́yìn olówó àkọ́kọ́, yóò tún bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, títí yóò fi di takisí tàbí ọkọ̀ oko.

Ohun méjì ló tún ti jẹ́ kí àwọn ènìyàn máa lo ọkọ̀ wọn kọjá àkókò. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 2017, ìjọba àpapọ̀ fòfin de kíkó ọkọ̀ gba ẹnubodè orí ilẹ̀ wọlé. Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, wọ́n kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, lítà kan tí wọ́n ń tà ní nǹkan bí 190 náírà gòkè sí nǹkan bí 500. Náírà tún já ní oṣù tó tẹ̀lé e. Ọkọ̀ tuntun àti tọ́kunbọ̀ wọ́n sí i, ẹni tó ní ọkọ̀ ogbó sì há sáàárín méjì: kò rówó pààrọ̀ rẹ̀, epo tó ń mu sì ń jẹ owó ọjà.

Kí a kọ́kọ́ mọ irú èyí tó jẹ́

Ọ̀nà mẹ́ta ni a lè pín ọkọ̀ ogbó sí, ìpín tó bá bọ́ sí ló sì máa sọ ohun tó yẹ kí a fi í ṣe. Èkíní ni èyí tó ṣì ń rìn, tí ìwé rẹ̀ pé, àmọ́ tó ń bàjẹ́ lemọ́lemọ́. Èkejì ni èyí tí ẹ́ńjìnnì tàbí gíá rẹ̀ ti kú, ṣùgbọ́n tí ara rẹ̀ ṣì le, tí gíláàsì, ìlẹ̀kùn àti iná rẹ̀ ṣì wà. Ẹ̀kẹta ni èyí tí abẹ́ rẹ̀ ti dógùn-ún, tí jàǹbá ti lọ́ ṣásì rẹ̀, tàbí tí iná ti jó. Èkíní ṣeé tà lódindi, ó sì ṣeé fi tọrẹ. Èkejì ló yẹ ní títú tà. Ẹ̀kẹta, ti onírin ni.

Kí olówó ọkọ̀ tó pinnu, kí ó jẹ́ kí mẹkáníìkì méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, kí ó sì rí i pé ẹni tó fẹ́ ra ọkọ̀ náà kọ́ ni yóò sọ iye tó tó. Kí wọ́n ṣírò gbogbo àtúnṣe tó kù, kí wọ́n fi wé iye tí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ń pa lọ́jà nígbà tí wọ́n bá tún un ṣe tán. Bí owó méjèèjì bá ti súnmọ́ra, àtúnṣe kò lérè mọ́. Ẹni tó bá tún un ṣe kó tó tà á ń ná owó náà fún ẹni tó máa rà á ni.

Ọjọ́ orí ọkọ̀ náà ṣe pàtàkì, ó sì ṣeé mọ̀ láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Láti ọdún 1981 ni nọ́ńbà ṣásì ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà ti jẹ́ lẹ́tà àti òǹkà 17. Ìkẹwàá nínú wọn ló ń sọ ọdún tí wọ́n ka ọkọ̀ náà sí: X dúró fún 1999, Y fún 2000, òǹkà 1 fún 2001, bẹ́ẹ̀ títí dé 9 fún 2009, kó tó kan A fún 2010. Ẹni tó bá mọ èyí kò ní gbà kí wọ́n fi ọdún ọkọ̀ rẹ́ ẹ jẹ, òun náà kò sì ní purọ́ ọdún fún ẹlòmíràn.

Ìwé ló ń ṣáájú owó

Lójú òfin, ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lórí ìwé ni wọ́n mọ̀. Bí wọ́n bá fi ọkọ̀ tí a ti tà jalè, tàbí tó bá pa ènìyàn lójú ọ̀nà tí awakọ̀ sì sá lọ, ilé ẹni tí orúkọ rẹ̀ ṣì wà lórí nọ́ńbà ni ọlọ́pàá yóò kọ́kọ́ wá. Nítorí náà, títà ọkọ̀ kò parí lọ́jọ́ tí owó wọlé. Ọjọ́ tí orúkọ olówó àtijọ́ kúrò lórí ìwé ló parí.

Ìwé tó yẹ kó wà nílẹ̀ kò ju mélòó kan lọ: ìwé àṣẹ ọkọ̀, ìwé ẹ̀rí pé olówó ọkọ̀ ló ni ín, ìwé tó fi hàn bí nọ́ńbà ṣe di tirẹ̀, ìwé àyẹ̀wò ọkọ̀, ìwé adójútòfò, àti ìwé tó fi hàn pé wọ́n san owó aṣọ́bodè. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ṣe kókó, nítorí pé àwọn aṣọ́bodè lè gba ọkọ̀ tí wọn kò san owó orí rẹ̀, kódà lẹ́yìn tó ti kọjá lọ́wọ́ olówó púpọ̀. Bí ìwé kan bá sọnù, olówó ọkọ̀ yóò gba ìwé ẹ̀rí lọ́dọ̀ ọlọ́pàá, yóò sì lọ búra ní kóòtù, kí ó tó lọ gba òmíràn. Bó bá jẹ́ owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tàbí ti báǹkì ló fi ra ọkọ̀ náà, kí gbèsè rẹ̀ kọ́kọ́ tán, kí wọ́n sì fún un ní ìwé pé ó ti tán.

Lọ́jọ́ títà, kí ẹni tó ń tà àti ẹni tó ń rà kọ ìwé àdéhùn. Kí orúkọ, àdírẹ́sì àti nọ́ńbà fóònù àwọn méjèèjì wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú nọ́ńbà ìdánimọ̀ ìjọba tí a ń pè ní NIN. Kí wọ́n kọ nọ́ńbà ṣásì àti ti ẹ́ńjìnnì, iye owó, ọjọ́, àti wákàtí tí ọkọ̀ kúrò lọ́wọ́ ẹni tó tà á. Wákàtí yẹn wúlò bí ọ̀rọ̀ bá ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Kí ẹlẹ́rìí kọ̀ọ̀kan buwọ́ lù ú fún wọn. Lẹ́yìn èyí, kí wọ́n jọ lọ sí ọ́fíìsì ìwé ọkọ̀ ti EKIRS, ilé-iṣẹ́ tó ń gba owó orí fún Ìpínlẹ̀ Èkìtì, láti yí orúkọ padà. Bó bá jẹ́ onírin tàbí ẹni tó ń tú ọkọ̀ ló rà á, kí olówó rẹ̀ yọ nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀, kí ó dá a padà sí ọ́fíìsì, kí ó sì sọ fún wọn pé ọkọ̀ náà kò ní padà sójú ọ̀nà mọ́. Nọ́ńbà tó bá dúró lára àlòkù irin lè padà yọ lára ọkọ̀ tí wọ́n jí gbé.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ olóògbé gba ìṣọ́ra ju gbogbo èyí lọ. Nínú ọ̀pọ̀ ọgbà ní Adó àti agbègbè rẹ̀, ọkọ̀ baba tàbí ìyá ti wà nílẹ̀ láti ọjọ́ ìsìnkú nítorí pé àwọn ọmọ kò fohùn ṣọ̀kan. Ọmọ kan kò lẹ́tọ̀ọ́ láti dá a tà, ì báà jẹ́ Dáwódù. Bí olóògbé bá kọ ìwé ìhágún, àwọn tó yàn sínú rẹ̀ ni yóò gba àṣẹ. Bí kò bá kọ ọ́, kí ẹbí yan àwọn tí yóò gba ìwé àṣẹ ìṣàkóso ogún ní Ilé-ẹjọ́ Gíga. Lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ ṣeé tà, tí owó rẹ̀ sì ṣeé pín. Ẹbí tó bá ń fi èyí dọ́la yóò rí i pé ìpẹtà kì í dúró de ìpàdé.

Títà á lódindi

Ẹni tó máa ra ọkọ̀ ogbó tó ṣì ń rìn ní Adó kì í jìnnà. Awakọ̀ takisí ń wá Nissan Sunny, Primera àti Corolla tí ẹ́ńjìnnì wọn dára, nítorí pé ohun èlò wọn wọ́pọ̀. Àgbẹ̀ oníṣu, oníkòkó àti oníresì Ìgbẹ̀mọ̀ ń wá ọkọ̀ akẹ́rù tó lè gba ọ̀nà oko. Mẹkáníìkì ń ra èyí tó mọ̀ pé òun lè jí dìde. Àwọn alágbàtà tún wà, àwọn yìí sì ń gba kọmíṣọ́ọ̀nù. Kí a fohùn ṣọ̀kan lórí iye rẹ̀ kí ọjà tó bẹ̀rẹ̀.

Kí ẹni tó ń tà fọ ọkọ̀, kí ó kó ẹrù ara rẹ̀ kúrò nínú rẹ̀, kí ó sì sọ gbogbo àbùkù tó mọ̀. Bíréèkì tí kò mú, ẹ́ńjìnnì tó ń jẹ ọ́ìlì, jàǹbá tó ti ní rí: kò yẹ kí a fi ọ̀kankan pamọ́. Ẹni tó bá fi àbùkù bíréèkì pamọ́ nítorí owó ti fi ẹ̀mí èrò inú ọkọ̀ kún ọjà, ọmọlúàbí kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn tó bá ti sọ ọ́, kí ó kọ ọ́ sínú àdéhùn, kí ẹni tó rà á má baà padà wá sọ pé wọ́n rẹ́ òun jẹ.

Owó ni kí ó ṣáájú kọ́kọ́rọ́ àti ojúlówó ìwé. Àwọn gbájú-ẹ̀ ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ èké ránṣẹ́ pé owó ti wọlé; kí ẹni tó ń tà wo àpò owó rẹ̀ ní báǹkì fúnra rẹ̀ kó tó gbà. Ojúmọmọ ló dára fún irú ọjà yìí, níbi tí èrò wà, bí iwájú báǹkì. Bí ẹni tó fẹ́ rà á bá fẹ́ wa ọkọ̀ wò, kí ẹnì kan bá a lọ.

Títú u tà ní ẹyọ-ẹyọ

Ọkọ̀ tí kò lè rìn mọ́ lè pa owó ju bó ṣe rí lọ bí a bá tú u. Ẹ́ńjìnnì, gíá, alutanétọ̀, ìdáná, rèdíétọ̀, kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀, iná iwájú àti tẹ̀yìn, gíláàsì, ìlẹ̀kùn àti ìjókòó ló ní ẹni tó ń wá a. Bí ọkọ̀ náà bá jẹ́ irú èyí tó wọ́pọ̀, abúlé mẹkáníìkì ní Adó ti tó ibi títà. Èyí tó ṣọ̀wọ́n lè lọ sọ́dọ̀ àwọn oníṣòwò Ládìpọ̀ ní Mùṣín tàbí Owódé Onírin l'Ékòó, níbi tí wọ́n ti ń ra ohun èlò ọkọ̀ látọwọ́ ènìyàn káàkiri ìwọ̀-oòrùn gúúsù. Ohun tó yẹ kí olówó ọkọ̀ rò ni àkókò. Títú ọkọ̀ lè gba oṣù mélòó kan kó tó tán, ibi tó wà yóò máa gba àyè, òjò yóò sì máa pa ohun tí kò tíì tà.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kà sí: agolo irin tó wà lójú ọ̀nà èéfín ọkọ̀, tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní kátálíìsì. Platinum, palladium àti rhodium ló wà nínú rẹ̀, àwọn irin tó níye lórí gan-an lágbàáyé. Àwọn tó ń rà á ń lọ láti ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù, ó sì rọrùn kí ẹlòmíràn tà á láìjẹ́ kí olówó ọkọ̀ mọ̀. Kí olówó ọkọ̀ béèrè rẹ̀, kí ó sì gbọ́ iye rẹ̀ lẹ́nu ju ẹnì kan lọ.

Àwọn ohun kan kò yẹ ní títà fún lílò rárá. Bíréèkì tó ti jẹ tán, táyà tó ti la tàbí tó ti pẹ́, bẹ́líìtì ìjókòó tó ti gba jàǹbá kan rí: ẹ̀mí ni ẹni tó rà wọ́n máa fi dán wọn wò. Àpò afẹ́fẹ́ tó ń yọ nígbà jàǹbá náà léwu fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n tú, nítorí pé ó lè bú sí i lójú.

Ọjà onírin

Ìrè, ìlú tí ìtàn sọ pé Ògún wọlẹ̀ sí, wà ní Èkìtì, àwọn awakọ̀, alágbẹ̀dẹ àti mẹkáníìkì sì ti ń ka Ògún sí baba iṣẹ́ wọn láti ọjọ́ pípẹ́. Kí ilé-iṣẹ́ ìyọ́rin tó dé ni àwọn alágbẹ̀dẹ ti ń sọ àjákù ọkọ̀ di ohun tuntun: sípíríngì abẹ́ lọ́rì ni wọ́n fi ń rọ àdá àti ọkọ́ tí àgbẹ̀ ń lò. Iṣẹ́ náà ṣì ń lọ, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú irin ọkọ̀ lónìí ń lọ sí ìléru ńláńlá. Irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wà ní Fáṣínà lẹ́bàá Ilé-Ifẹ̀, ó wà ní Ìkòròdú, ó sì wà ní Ògijo ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Wọ́n ń yọ́ àlòkù irin, wọ́n sì ń fi í ṣe irin ìkọ́lé. Nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ìwọ̀n ọkọ̀ kékeré ló jẹ́ irin, ìwọ̀n irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ sì máa ń tó tọ́ọ̀nù kan. Agbára iná àti epo tó ń lọ sí yíyọ́ àlòkù irin kéré púpọ̀ sí èyí tó ń lọ sí yíyọ irin láti inú òkúta. Nàìjíríà náà sì ti fòfin de kíkó àlòkù irin jáde lọ sí ilẹ̀ òkèèrè.

Onírin lè fojú wọn ọkọ̀, ó sì lè fi òṣùwọ̀n wọ̀n ọ́n. Òṣùwọ̀n dára ju ojú lọ fún ẹni tó ń tà. Kí ó béèrè iye kílò kan lọ́wọ́ onírin méjì ó kéré tán, kí ó yọ bàbà, alumíníọ́ọ̀mù àti bátìrì sọ́tọ̀ nítorí pé iye wọn ju ti irin lọ, kí ó sì dúró níbi tí wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n. Kí ó gba rìsíìtì tó ní nọ́ńbà ṣásì nínú. Onírin tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ náà yóò béèrè ẹ̀rí pé ẹni tó mú ọkọ̀ wá ló ni ín, nítorí pé ẹni tó bá ra ẹrù olè lè di ará ọgbà ẹ̀wọ̀n pẹ̀lú olè.

Kí wọ́n tó fi gáàsì gé ọkọ̀, kí wọ́n fa gbogbo epo inú táǹkì tán, kí wọ́n sì yọ táǹkì náà kúrò. Èéfín epo tó kù nínú táǹkì tó dà bíi pé ó ṣófo ló máa ń bú gbàmù.

Májèlé tó wà nínú ọkọ̀

Bátìrì ni ohun tó léwu jù lára ọkọ̀ ogbó. Èyí tó ju ìdajì lọ nínú ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ òjé, òjé sì ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́ láìṣeé tún ṣe. Ní Thiaroye-sur-Mer, lẹ́bàá Dakar ní Senegal, àwọn ará àdúgbò ń tú bátìrì àlòkù láti yọ òjé tà. Láàárín oṣù Kọkànlá ọdún 2007 sí oṣù Kẹta ọdún 2008, ọmọdé 18 kú níbẹ̀. Nílé wa níhìn-ín, ní Ògijo, níbi tí ilé-iṣẹ́ tó ń yọ́ bátìrì wà láàárín ilé àwọn ènìyàn, wọ́n ti rí òjé nínú erùpẹ̀ àti nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn olùgbé. Nítorí náà, kí a má ṣe fọ́ bátìrì, kí a má ṣe da ásíìdì inú rẹ̀ sílẹ̀ kó lè fúyẹ́, kí ọmọdé má ṣe gbé e. Kí a tà á lódindi, kí omi rẹ̀ wà nínú rẹ̀, fún ẹni tó ń kó o lọ sí ilé-iṣẹ́ tó ní àṣẹ. NESREA, àjọ àpapọ̀ tó ń mú òfin àyíká ṣẹ, ní òfin lórí bátìrì láti ọdún 2024.

Ọ́ìlì ló tẹ̀lé e. Ọkọ̀ kékeré kan ní nǹkan bíi lítà mẹ́rin ọ́ìlì nínú ẹ́ńjìnnì nìkan, yàtọ̀ sí ti gíá àti ti bíréèkì. Bí a bá dà á sí gọ́tà ní àdúgbò Ajílóṣun ní Adó, odò ló ń lọ. Àwọn odò kéékèèké tó gba inú Adó kọjá sì ni omi kànga àti omi ọgbìn àwọn ará ìsàlẹ̀. Kí a gbà á sínú kẹ́ẹ̀gì. Àwọn oníṣẹ́ pákó ń ra ọ́ìlì kọ́ńdẹ́ẹ̀mù láti fi kun igi òrùlé kí ikán má baà jẹ ẹ́, nítorí náà kò sí ìdí tí yóò fi bọ́ sílẹ̀.

Táyà ogbó ń gba omi òjò, ẹ̀fọn sì ń yé sínú rẹ̀. Jíjó rẹ̀ tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn kan ń fi táyà jó irun ara màlúù àti ewúrẹ́, tí èéfín rẹ̀ sì ń wọ inú pọ̀nmọ́ tí ènìyàn máa jẹ. Kí a má ṣe ta táyà fún ẹni tó máa fi í dáná. Alumíníọ́ọ̀mù ẹ́ńjìnnì náà gba ìṣọ́ra: àwọn kan ń yọ́ ọ pọ̀ mọ́ àjákù mìíràn láti fi ṣe ìkòkò ìdáná, ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Cameroon sì fi hàn pé irú ìkòkò bẹ́ẹ̀ lè tú òjé sínú oúnjẹ. Gáàsì ẹ́síì inú ọkọ̀ tó ti pẹ́ gan-an wà lára àwọn tí àdéhùn Montreal ti ọdún 1987 fòfin dè nítorí pé wọ́n ń ba ìbòrí afẹ́fẹ́ ayé jẹ́. Oníṣẹ́ ẹ́síì ni kí ó fà á, kí wọ́n má ṣe kàn gé páìpù rẹ̀.

Fífi ọkọ̀ tọrẹ

Ní Amẹ́ríkà, fífi ọkọ̀ ogbó ta ẹgbẹ́ aláàánú lọ́rẹ jẹ́ ohun tó gbilẹ̀, nítorí pé ó ń dín owó orí kù. Ẹgbẹ́ náà á wá fa ọkọ̀ lọ, á tà á, á sì fi owó rẹ̀ ṣiṣẹ́. Nígbà kan, àwọn ènìyàn ń kọ iye tó wù wọ́n pé ọkọ̀ wọn tó. Láti ọdún 2005, bí iye tí ènìyàn fẹ́ yọ bá ju 500 dọ́là lọ, kò sábà lè ju iye tí ẹgbẹ́ náà tà á lọ. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilé-iṣẹ́ tó ní àṣẹ nìkan ló lè tú ọkọ̀ tó ti parí iṣẹ́, wọ́n á sì fún olówó rẹ̀ ní ìwé ẹ̀rí pé wọ́n ti bà á jẹ́. Àwọn Yorùbá tó ń gbé ní London tàbí Houston mọ ètò méjèèjì yìí dáadáa.

Ní Èkìtì, láti ọwọ́ dé ọwọ́ ni irú ọrẹ bẹ́ẹ̀. Ibi tó ti lè ṣe àǹfààní jù ni ibi tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ ọwọ́. Ìjọba ní ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ní Adó. Federal Polytechnic, tó bẹ̀rẹ̀ ní Jos ní ọdún 1977 kó tó kó wá sí Adó ní 1982, ní ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ, bẹ́ẹ̀ náà ni Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì àti Yunifásítì Afe Babalola. Akẹ́kọ̀ọ́ kò lè mọ ẹ́ńjìnnì nínú ìwé nìkan. Ó gbọ́dọ̀ tú u, kí ó tò ó padà, kí ó tún tú u. Ẹ́ńjìnnì tó ti kú kò burú fún iṣẹ́ yìí. Ọmọṣẹ́ mẹkáníìkì tàbí pánẹ́lì-bítà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira náà lè fi irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Bó bá jẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́sáláṣí, ilé àwọn ọmọ aláìlóbìí tàbí ìbátan ni a fẹ́ fún, ọkọ̀ tó ń rìn, tí bíréèkì rẹ̀ mú, tí ìwé rẹ̀ pé, ni kí a fún wọn. Ọrẹ tó ń jẹ owó ẹni tí a fún, ẹrù la gbé lé e lórí. Kí a kọ́kọ́ béèrè bóyá wọ́n fẹ́ ẹ, kí wọ́n wá wò ó, kí wọ́n sì mọ ohun tó ń ṣe é. Kí a fohùn ṣọ̀kan lórí ẹni tó máa san owó fífà á lọ. Kí a kọ lẹ́tà ọrẹ tó sọ orúkọ ẹni tó fún àti ẹni tó gbà, nọ́ńbà ṣásì, àti ọjọ́. Bó bá máa rìn lójú ọ̀nà, kí a yí orúkọ padà bí ìgbà tí a tà á. Bó bá jẹ́ fún ẹ̀kọ́ nìkan, kí lẹ́tà náà sọ bẹ́ẹ̀, kí a yọ nọ́ńbà rẹ̀, kí a sì fa epo àti ọ́ìlì inú rẹ̀ kúrò kó tó dé ilé-ìwé.

Ewu ọkọ̀ tí a pa tì

Ọkọ̀ tó wà nílẹ̀ láìlò kì í dúró bó ṣe wà. Ọ́ìlì ń kán sílẹ̀, eku ń bímọ sínú ìjókòó, ejò ń tẹ̀ lé eku. Ní agbègbè wa yìí, níbi tí ibà Lassa tí eku ń gbé kiri ti ń pa ènìyàn ní Ọ̀wọ̀ tí kò jìnnà sí Èkìtì, àyè tí eku ń kó jọ sí nítòsí ilé kì í ṣe ohun tó yẹ ká fojú fò. Èyí tó burú jù ni ti ọmọdé. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2021, ọmọ mẹ́jọ ló kú sínú ọkọ̀ kan tó wà nílẹ̀ ní Badagry; wọ́n wọ inú rẹ̀, wọn kò sì lè jáde. Oòrùn ọ̀sán ń sọ inú ọkọ̀ tó dé pa di ààrò láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ọmọdé kì í sì pẹ́ níbẹ̀ kó tó dákú.

Ẹni tí kò bá tíì ṣetán láti ta ọkọ̀ rẹ̀ tàbí láti fi í tọrẹ gbọ́dọ̀ ti ìlẹ̀kùn àti búùtù rẹ̀ ní kọ́kọ́rọ́, kí ó yọ bátìrì rẹ̀, kí ó fa epo inú rẹ̀ tán, kí ó sì gbé e kúrò níbi tí ọmọdé ti ń ṣeré. Ṣùgbọ́n ìtọ́jú ìgbà díẹ̀ nìyẹn. Bí ọdún ṣe ń yí, iye ọkọ̀ náà ń dínkù, ìwé rẹ̀ ń sọnù, ewu rẹ̀ sì ń pọ̀ sí i. Kí olówó ọkọ̀ ogbó yan ọ̀nà kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́dún yìí, kí ó kó bátìrì àti ọ́ìlì rẹ̀ síbi tó yẹ, kí ó sì rí i pé orúkọ òun kúrò lórí ìwé rẹ̀.